Níbo Ni Ká Ti Gé Orin Orlando Owoh?

Ẹni tó bá wá àkójọ orin Orlando Owoh dé ọjà Alábà lónìí kò ní pẹ́ kó tó rí i rà. Wọ́n á da orin rẹpẹtẹ sórí CD kan tàbí sínú fláàṣì, wọ́n á lẹ fọ́tò bàbá náà mọ́ ọn lójú, ó parí. Wọn ò ní kọ ọdún tí wọ́n gba orin kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ síbẹ̀, wọn ò ní kọ ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde, áḿbọ̀sìbọ́sí orúkọ ẹni tó ta gìtá. Orin tó gùn tó ìṣẹ́jú 18 lè dákẹ́ lójijì ní ìṣẹ́jú kẹrin, kí èyí tó tẹ̀ lé e sì já wọlé láàárín gbólóhùn. Ẹni tó rà á á jó, inú rẹ̀ á sì dùn, n ò bá a jà. Àmọ́ òkìtì orin ló rà. Kò lè tibẹ̀ mọ bí ọkùnrin náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ibi tó yà sí, àti bí ohùn rẹ̀ ṣe ń yí bí ọjọ́ orí ti ń gorí ọjọ́ orí.

Àkójọ tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni èyí tí ẹnì kan tàbí ẹni méjì jókòó tì. Wọ́n á wá gbogbo àwo tí olórin kan ṣe látìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n á gbọ́ ọ, wọ́n á ṣà nínú rẹ̀, wọ́n á gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n á sì tò ó lọ́nà tí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí á fi mọ irú èèyàn tó kọ ọ́. Àwọn òyìnbó ti sọ iṣẹ́ yìí di òwò. Olórin wọn tí ọjà kò kà sí nígbà ayé rẹ̀ pàápàá, ẹnì kan á jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Lọ́dọ̀ wa, bí iṣẹ́ náà bá le fún ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá fẹ́ kó orin Orlando Owoh jọ ló le fún jù, torí pé orin rẹ̀ kò ní ibi tí wọ́n ti ń gé e. Màá dé ibẹ̀.

Stephen Oladipupo Olaore Owomoyela ni orúkọ rẹ̀. Òṣogbo ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 1932. Ará Ìfọ́n ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ọ̀wọ̀ sì ni ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe títí di ọdún 1958 tí ẹgbẹ́ eré Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbà á pé kó wá máa lùlù, kó sì máa kọrin. Lọ́dún 1960 ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Omimah Band. Lẹ́yìn ìyẹn ni Young Kenneries dé, níkẹyìn African Kenneries International. Àwo tó ṣe lé ní 45. Ó kú ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 2008, Agége ni wọ́n sì sin ín sí.

Agége yẹ ẹ́. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà, nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ Ìbàdàn, kó tó di pé wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ lọ́dún 1967. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí níbẹ̀ lọ́dún 1962. Dunlop àti Nigerian Textile Mills wà ní òpópónà Ọba Akran, Cadbury wà ní Agídíngbì. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kì í gbé Ìkẹjà tí àwọn ọ̀gá ń gbé. Agége, Ìjù àti Múṣín ni wọ́n ń gbé, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì ní Agége Motor Road láàárọ̀, wọ́n á sì tún wọ ọ́ padà lálẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti ìlú òkè wá, láti Ọ̀wọ̀, láti Oǹdó, láti Èkìtì. Àwọn wọ̀nyí, àti àwọn awakọ̀ tó ń gbé wọn, àti àwọn mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ náà ṣe, ni wọ́n sọ Orlando di Orlando. Àwọn olówó ń pe Ebenezer Obey àti King Sunny Adé sí òde. Orlando ni àwọn òṣìṣẹ́ ń gbọ́ nílé ọtí nígbà tí wọ́n bá ti ẹnu iṣẹ́ dé.

Ohun tó mú kí àwọn mìíràn máa fojú kéré rẹ̀ náà nìyẹn. Lọ́dún 1982, Island Records gbé King Sunny Adé lọ fún gbogbo ayé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Virgin ṣe àwo fún Ebenezer Obey. Orlando ò rí irú rẹ̀ gbà. Nígbà tí àkójọ rẹ̀ kan wá jáde lókè òkun lọ́dún 1995, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, Original Music, ti òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ John Storm Roberts. Orúkọ tí wọ́n sọ àkójọ náà ni Dr. Ganja's Polytonality Blues. Orúkọ yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti ilé ọtí, ìdajì yòókù jẹ́ ti yunifásítì. Ṣùgbọ́n CD kan ṣoṣo kò lè gba ohun tí èèyàn fi ọdún tó ń sún mọ́ 50 ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orin kankan, ó ní láti kọ ìwé gbogbo àwo tó wà. Ẹ má rò pé ilé-iṣẹ́ kan wà níbì kan tó ní ìwé náà lọ́wọ́. Decca West Africa, tó gbé ọ̀pọ̀ nínú àwo rẹ̀ àtijọ́ jáde, ti di Afrodisia. EMI, tí Paul McCartney wá gba Band on the Run sílẹ̀ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ rẹ̀ ní Àpápá lọ́dún 1973, di Ivory Music. Ohun tó jẹ́ Philips di Phonogram, ó di Polygram, ó tún di Premier. Gbogbo ìgbà tí ilé-iṣẹ́ bá yí ọ̀gá padà tàbí kó ẹrù kúrò níbì kan, ìwé á sọnù, téèpù á sọnù. Òfin tó ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 1972 tí wọ́n sì tún ṣe lọ́dún 1977, ló kọ́kọ́ mì wọ́n. Ètò ọrọ̀ ajé SAP ti ọdún 1986 ló wá là wọ́n mọ́lẹ̀: òkèèrè ni ike tí wọ́n fi ń tẹ àwo ti ń wá, náírà ò sì ká a mọ́. Kò pẹ́ tí àwọn ọdún 1990 wọlé tí kásẹ́ẹ̀tì fi gba ọjà pátápátá.

Àwo fúnra rẹ̀ ló kù tí a lè bi léèrè. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà á kọ́kọ́ wo bébà róbótó tó wà láàárín. DWAPS tó bá ṣáájú nọ́ńbà ń sọ pé àwo ńlá Decca ni. Tí wọ́n bá kọ Afrodisia síbẹ̀, èèyàn á ti mọ̀ pé kì í ṣe ti àwọn ọdún 1960. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ń ran èèyàn lọ́wọ́: Omimah ń tọ́ka sí ìbẹ̀rẹ̀, Young Kenneries sí àárín, African Kenneries International sí ìgbẹ̀yìn. Lẹ́yìn bébà, ó kan ibi dídán tó wà láàárín bébà àti ibi tí orin parí sí. Wọ́n máa ń họ nọ́ńbà kan síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gé àwo ìpilẹ̀ṣẹ̀, ó sì ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀ sójú àpò lọ. Bébà lè parọ́. Wọ́n lè lẹ bébà ojú kìíní mọ́ ojú kejì. Wọ́n lè tún àwo àtijọ́ tẹ̀ kí wọ́n sì fún un ní orúkọ tuntun. Nọ́ńbà tí wọ́n họ kì í sábà parọ́. Bí ti àwo méjì bá bára mu, ohun kan náà ló wà nínú wọn, bí fọ́tò ẹ̀yìn àpò wọn tilẹ̀ yàtọ̀ bí ọ̀sán àti òru.

Àwọn àwo náà wà lọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́. Àwọn awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn tó ní ilé ọtí nígbà kan rí, àwọn ọmọ tó jogún àpótí àwo tí wọn ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n lè fi gbọ́ ọ. Kì í ṣe ẹ̀dà kan ṣoṣo ti àwo kan ni olùkójọ máa wá. Bí ó bá lè rí mẹ́ta, mẹ́rin, kó kó gbogbo rẹ̀. Ojú kìíní lè mọ́ lára ti ọ̀kan, kí ojú kejì mọ́ lára ti òmíràn, kí ó sì mú ti ibí mú ti ọ̀hún.

Nǹkan kan wà níbí tó máa ń ṣi àwọn olùkójọ lọ́nà. Ojú àwo tí àwọn èèyàn fẹ́ràn jù ni abẹ́rẹ́ ti jẹ jù. Ojú kejì tí ẹnikẹ́ni kò bìkítà fún máa ń mọ́ tónítóní. Ọ̀lẹ olùkójọ á wá mú èyí tó mọ́, á ní òun ṣàwárí orin tí wọ́n gbàgbé. Ó lè jẹ́ òótọ́ nígbà mìíràn. Àmọ́ àkójọ Orlando Owoh tí kò bá sí Ìyàwó Ọ̀lẹlẹ̀ nínú rẹ̀ torí pé àwo tí wọ́n rí ń hó, ilé ọtí Agége kankan ò ní gbà á.

Omi ló kàn. Omi tí kò ní èérí tàbí iyọ̀ nínú, irú èyí tí wọ́n ń dà sí bátìrì, pẹ̀lú ọṣẹ olómi díẹ̀ ṣínún. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ tẹ̀ lé ipa orin yíká, wọn ò ní fà á gbọọrọ. Wọ́n á ṣàn án, wọ́n á gbé e dúró kó gbẹ lábẹ́ ibòòji. Oòrùn Èkó á ká àwo bí ewé. Ẹni tó bá ní àwo 78 àtijọ́ lọ́wọ́, èyí tó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, kó má ṣe fi sípíríìtì kàn án, torí sípíríìtì ń yọ́ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Téèpù ìpilẹ̀ṣẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí i, ó ṣeé ṣe kó ti fa ọ̀rinrin mu kó sì máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Irú rẹ̀ ni wọ́n máa ń yan nínú ààrò tí kò gbóná ju nǹkan bí ìwọ̀n 50 sí 55 lọ fún wákàtí bíi mélòó kan, kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì gbà á sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Abẹ́rẹ́ kì í ṣe ọ̀kan. Ti àwo 78 fẹ̀ ju ti àwo ńlá LP lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ti LP pàápàá, abẹ́rẹ́ wà tí ẹnu rẹ̀ tinrín ju ara wọn lọ, ọgbọ́n tó sì wà níbẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ tó yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ilé ọtí á fara kan apá ibi tí ti ilé ọtí kò dé lára ipa orin. Orin tó dà bíi pé ó ti kú lè jí. Wọ́n á gbà á wọ kọ̀ǹpútà ní ìwọ̀n 96 kHz àti 24 bit, wọn ò sì ní fọwọ́ kan ẹ̀dà yẹn mọ́ láé. Ẹ̀dà ẹ̀dà ni wọ́n á máa tún ṣe.

Fífọ ariwo kúrò ni ibi tí wọ́n ti sábà ń ba Orlando Owoh jẹ́. Kọ̀ǹpútà ń mú ariwo tó ń ta pàì pàì kúrò láìsí wàhálà. Èyí tó ń hó fẹ́ẹ́ lábẹ́ orin ló ṣòro, nítorí ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń lò ni pé ohunkóhun tí kò bá ní ohùn orin kan pàtó, ariwo ni. Ẹ wá wo ohùn ọkùnrin yìí. Ohùn tó ha, tó ń họ ọ̀fun, tó ń ti inú ikùn bọ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ púpọ̀. Kọ̀ǹpútà ò mọ ìyàtọ̀ láàárín afẹ́fẹ́ inú ohùn yẹn àti eruku inú àwo. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jù, ariwo á lọ lóòótọ́, ìhà tó ha lára ohùn á sì bá a lọ, ohun tó kù á máa dún bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọrin nínú kọ́ńbọ́ọ̀dù. Mo ti gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ó sàn kó máa hó.

Ọ̀rọ̀ ìyára náà wà níbẹ̀. Àwo LP gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà 33 àti ìdámẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ bóyá téèpù yára jù lọ́jọ́ tí wọ́n ń gé àwo ìpilẹ̀ṣẹ̀? Bí ó bá fi nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú 100 yára, gbogbo orin náà á gòkè ní ìdajì ohùn kan, gbogbo gìtá á sì jọ gòkè, etí ò ní fura. Àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń wá ohùn iná mànàmáná tó ń kùn lábẹ́ orin, torí pé iná Nàìjíríà ń lù ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wọ́n bá wọn ìkùn yẹn tí ó jẹ́ 52, téèpù ti sáré. Àfi bó bá jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n lò lọ́jọ́ náà, nítorí jẹnẹrétọ̀ ní ìyára tirẹ̀. Iṣẹ́ yìí fẹ́ ẹni tó mọ NEPA dáadáa.

Ní ti àṣẹ, ohun-ìní méjì ló wà nínú orin kan. Ọ̀kan ni orin fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ àti ohùn tó ti orí ẹni tó kọ ọ́ jáde. Èkejì ni ìgbohùnsílẹ̀, èyí tí ilé-iṣẹ́ fowó ṣe. Òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ, Copyright Act 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, fún orin ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹni tó kọ ọ́ àti 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó fún ìgbohùnsílẹ̀ ní 50 ọdún. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Orlando kú ní 2008: orin rẹ̀ jẹ́ ti àwọn ajogún rẹ̀ títí ọdún 2078 fi máa parí. Àwo tó bá jáde ní 1968, ẹ̀tọ́ ilé-iṣẹ́ lórí ìgbohùnsílẹ̀ rẹ̀ ti tán ní ìparí 2018. Bí ọdún kọ̀ọ̀kan bá ti ń kọjá, ẹrù ilé-iṣẹ́ ń fúyẹ́, ti ẹbí ò yí padà. Nítorí náà ẹni tó bá ní orin àtijọ́ ti di ti gbogbo ayé, tó sì ń tẹ̀ ẹ́ tà láìbá ẹbí sọ̀rọ̀, olè ni síbẹ̀.

Olùkójọ tó fẹ́ sùn dáadáa á lọ bá ẹbí ṣáájú. Lẹ́yìn náà ló máa kàn sí àwọn tó ń gba owó fún àwọn tó kọ orin, irú MCSN, kó sì wá ẹni tí katalọ́ọ̀gì Decca wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí fún àwọn àwo tí 50 ọdún wọn kò tíì pé. Bí ìwé àdéhùn kò bá sí mọ́, tí ẹnikẹ́ni ò sì lè fi hàn pé òun ló ni ìgbohùnsílẹ̀ kan, wọ́n máa ń ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀ de ẹni tó bá fara hàn. Haruna Ishola àti I.K. Dairo ti rí ìjàngbọ̀n yìí ṣáájú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá STAR Records tiwọn sílẹ̀ lọ́dún 1969. Ìwọ̀nba olórin ló lágbára bẹ́ẹ̀.

Ìwé kékeré tó máa ń bá àkójọ rìn náà ní wàhálà tirẹ̀. Àwọn tó ta gìtá àti àwọn tó lùlù kì í sí lójú àpò. Ẹnu àwọn tó kù láyé ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ, kó tó pẹ́ jù. Orlando sì máa ń kì àwọn èèyàn nínú orin: ọlọ́jà, ọlọ́kọ̀, ẹni tó ni hòtẹ́ẹ̀lì, ìjòyè. Àwọn kan á ní kí wọ́n gé oríkì wọ̀nyẹn dànù, pé ta ló mọ̀ wọ́n mọ́. Èmi ò fara mọ́ ọn. Àwọn tó ń náwó ló ń gbé orin dúró nígbà yẹn, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ irú èèyàn tó lówó lọ́wọ́ láàárín Agége àti Ọ̀wọ̀ nígbà náà, inú oríkì yẹn ló ti máa rí wọn ju inú ìwé ìtàn lọ.

Gígé ló wá kù. Ní àwọn ọdún 1960, àwo kékeré ló wọ́pọ̀, ojú kan kì í fi púpọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Orin á bẹ̀rẹ̀, á sọ tẹnu rẹ̀, á parí. CD tó gba ìṣẹ́jú 74 á gba nǹkan bí 24 nínú irú rẹ̀, ẹ sì lè tò ó bó ti tẹ̀ léra lọ́dún. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Orlando ọ̀dọ́ ni ẹ máa gbọ́ nínú rẹ̀, tí háíláìfù ṣì kún ẹnu rẹ̀.

LP ló dá wàhálà sílẹ̀. Ojú kan rẹ̀ ń gba ìṣẹ́jú 18 sí 20 kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Olórin òyìnbó á pín in fún orin márùn-ún tàbí mẹ́fà, á sì fi ìdákẹ́jẹ́ sí àárín wọn. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń jó lágbo, tí wọ́n ń náwó lé lórí, kò fẹ́ kí ìlù dá, àwọn olórin jùjú àti háíláìfù wa sì gbé agbo náà wọ inú àwo bó ṣe rí. Ẹ wo ẹ̀yìn àpò: orúkọ orin mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè wà fún ojú kan. Ẹ wá gbé àwo yẹn sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ẹ ò ní rí ààlà kankan lára rẹ̀. Gìtá ti ń ta orin kejì kí ohùn tó parí èkíní. Ìlù kò tilẹ̀ mọ̀ pé orin yí padà.

Ẹni tó bá fẹ́ mú "orin" kan ṣoṣo níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gé e, bí ó bá sì ti fọwọ́ kàn án, á rí ohun tí gbogbo ẹni tó ti fi ọ̀bẹ kan búrẹ́dì Agége tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ti rí: ibi tí ọ̀bẹ bá tẹ̀ á rún mọ́ra, kò ní ga mọ́. Ọgbọ́n kejì ni kí wọ́n dín ohùn kù díẹ̀díẹ̀ títí á fi pòórá. Èyí máa ń jẹ́ kí ó dà bíi pé ẹgbẹ́ náà ń wọ ọkọ̀ lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn ikú Fẹlá, lọ́dún 1999, wọ́n ṣe àkójọ kan tí wọ́n pè ní The Best Best of Fela Kuti, wọ́n sì gé àwọn kan nínú orin rẹ̀ kúrú kó lè wọ CD méjì. Àkójọ náà tà, ó sì mú ọ̀pọ̀ èèyàn mọ Fẹlá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti jókòó ní Shrine, ilé ijó Fẹlá, ní òpópónà Pepple ní Ìkẹjà rí mọ̀ pé ìdúró tí wọ́n ń dúró kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin wà lára orin náà. Orin Fẹlá gan-an ṣì ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ti Orlando kò ní ju ibi tí àwo ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí abẹ́rẹ́ ti gbéra lọ.

Lójú tèmi, ojú àwo ni ká máa kà, ká má ka orin. Ìṣirò rẹ̀ tiẹ̀ bára mu: ojú mẹ́rin tó jẹ́ ìṣẹ́jú 18 jẹ́ ìṣẹ́jú 72, CD á sì gbà á. Kí olùkójọ mú ojú mẹ́rin fún ìgbà Young Kenneries, kó mú mẹ́rin fún ìgbà àwo Ganja àti Kangaroo, kó mú mẹ́rin fún ìgbẹ̀yìn, kó fi CD àwo kékeré ti Omimah ṣáájú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tẹ̀ léra á gbọ́ bí ohùn náà ṣe ń wọlẹ̀ sí i, á gbọ́ bí orin ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣe fẹ̀ di ìṣẹ́jú 18. Á pàdánù orin tó dùn bíi mélòó kan, torí pé ojú àwo tí wọ́n wà lára rẹ̀ kò wọlé. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń ta orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò gbà. Spotify máa ń ka orin kan sí èyí tí wọ́n gbọ́ nígbà tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú àáyá 30. Ojú àwo tó gùn tó ìṣẹ́jú 18, owó ẹyọ kan ló máa mú wá, iye kan náà pẹ̀lú orin ọmọdé kan tí kò tó ìṣẹ́jú méjì. Bí wọ́n bá gé e sí mẹ́rin, owó mẹ́rin ni, ẹbí tó wà ní Agége ló sì ni owó náà. Mi ò lè sọ pé kí wọ́n máa fi ebi gbèjà iṣẹ́ ọnà.

Ọ̀nà kan wà tó tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn. Wọ́n á fi nọ́ńbà sí ibi tí orin kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yìn àpò ti kọ ọ́, wọ́n á pín fáìlì náà síbẹ̀ gan-an, láìyọ ohunkóhun kúrò, láìfi ìdákẹ́jẹ́ kankan sí i, láìdín ohùn kù. Bí ẹ̀rọ bá ti parí èkíní, èkejì á bọ́ sí i lára, etí ò ní mọ̀ pé fáìlì méjì ni. Orúkọ kọ̀ọ̀kan á ní nọ́ńbà tirẹ̀, owó á wọlé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú àwo á sì dún bó ṣe dún lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ àfarabalẹ̀ ni, nítorí ẹni tó ń pín in gbọ́dọ̀ gbọ́ ibi tí gìtá ti yí padà, ibi tí ohùn ti yí padà, kó sì mọ èyí tó máa tẹ̀ lé nínú méjèèjì. Gìtá ni kó tẹ̀ lé. Òun ló máa ń kọ́kọ́ lọ, Orlando á wá bá a níbẹ̀. Ewu kan ṣoṣo tó kù wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbọ́ ọ: bí ó bá jẹ́ kí fóònù máa da orin rú, fáìlì kẹta lára ojú kìíní lè bọ́ sẹ́yìn èkíní lára ojú kejì. Kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé kékeré náà pé kó pa shuffle kó tó tẹ play.